Ìrònú Àti Inú Rírun Láàárín Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́

Bí ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tí ń ti Ìsọlọ̀ wá wọkọ̀ ní Òṣòdì lọ sí Yunifásítì Èkó lè máa yàgbẹ́ gbuuru láìjẹ ìjẹkújẹ. Àwọn ará ilé a ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, wọn a se àgbo fún un.

Iṣan kan tí à ń pè ní vagus ti inú ọpọlọ sọ̀ kalẹ̀ dé ikùn àti ìfun. Bí ìbẹ̀rù bá dé, iṣẹ́ ikùn a falẹ̀, ṣùgbọ́n ìfun ńlá a máa sáré. Ìdí nìyí tí inú fi ń kún, tí ìgbẹ́ sì ń gbọ̀n ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Inú rírun a lé oorun lọ, àìsùn a tún dá kún ìbẹ̀rù. Kò yani lẹ́nu pé inú ni èdè wa fi ń sọ ìbínú àti ìdùnnú.

Ní 1960, Dókítà Raymond Prince, tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Àrò, Abẹ́òkúta, kọ̀wé nípa akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ wa tí orí ń gbóná, tí ìwé kò sì yé mọ́. Àwọn mìíràn, ikùn ni tiwọn.

Kì í ṣe gbogbo inú rírun ni ti ìrònú, o. Ní 1982, Barry Marshall àti Robin Warren rí kòkòrò tí ń fa púpọ̀ nínú ọgbẹ́ inú. Ẹni tí ó bá ń yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀, kí ó má dúró de òpin ìdánwò.

Ilé-ìwòsàn ọpọlọ ti Yábàá, tí a dá sílẹ̀ ní 1907, ní ẹ̀ka ní Òṣòdì. Orúkọ náà ń ba púpọ̀ lẹ́rù: wọn a jẹ́wọ́ inú rírun fún dókítà, wọn a fi àìsùn àti ẹkún òru pamọ́. Bí dókítà kò bá béèrè, oògùn ìgbẹ́ nìkan ni yóò kọ fún wọn.