Èéfín Ìwó Road kì í gbé sójú ọ̀run o!
Ẹni tó bá dúró sí Ìwó Road, n'Ìbàdàn, láàárọ̀, á rí èéfín dúdú tó ń rú túú nídìí dánfó. Àwọn èrò á fọwọ́ bomú, wọ́n á bá tiwọn lọ. Àmọ́ imí ọjọ́ inú epo mọ́tò máa ń pò mọ́ omi ojú sánmà, á di ásíìdì, òjò á sì gbé e padà wá. Òun ló ń jẹ páànù, tó ń pa ẹja odò.

Ní Niger Delta, tí wọ́n ti rí epo lọ́dún 1956, àwọn ará abúlé ń pariwo pé gáàsì tí wọ́n ń jó ń ba òrùlé àwọn jẹ́. Tiwọn jìnnà lóòótọ́, tiwa ńkọ́? Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ ń gbe omi òjò, ẹ jẹ́ kí àkọ́rọ̀ òjò fọ páànù ná.