Ọ̀pọ̀lọ́ tó ké ní Atlanta tí kò rí ẹni dá a lóhùn

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2014, ọ̀pọ̀lọ́ kan ké ní Atlanta Botanical Garden. Láti 2005 tó ti wà lọ́wọ́ wọn, wọn ò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí. Mark Mandica tó ń tọ́jú rẹ̀ rọra sún mọ́ ọn, ó gba ohùn náà sílẹ̀. Akọ ọ̀pọ̀lọ́ kì í ké lásán, abo ló máa ń pè. Ṣùgbọ́n abo dà? Kò sí ọ̀kan mọ́ tí ẹnikẹ́ni mọ̀ lórí ilẹ̀ ayé. Toughie ni ọmọ Mandica sọ ọ̀pọ̀lọ́ náà, bí ẹni ń sọ pé Akínkanjú.

Òkè El Valle de Antón ní Panama ni wọ́n ti gbé e wá. Àrùn kan ń pa ọ̀pọ̀lọ́ bọ̀ láti òkè dé òkè: ó dé El Copé ní 2004, ẹnikẹ́ni tó bá wo àwòrán ilẹ̀ sì ti mọ ibi tó kàn. Ní 2005, Zoo Atlanta àti Botanical Garden lọ kó èyí tí ọwọ́ wọn lè tó. Àrùn náà wọ El Valle ní 2006. Ní 2008 ni Joseph Mendelson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fún irú ọ̀pọ̀lọ́ yìí lórúkọ, Ecnomiohyla rabborum. Ìsọmọlórúkọ àti ìsìnkú fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí ọjọ́ kan náà.

Orí igi ló ń gbé. Awọ so ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀ bíi ti pẹ́pẹ́yẹ, tó bá fò láti orí igi, á máa rà bàbà bọ̀ wálẹ̀. Inú ihò igi tí omi dúró sí ni abo ń yé ẹyin sí. Bàbá ló ń jókòó tì wọ́n, á ki ìdí bọ inú omi, àwọn légbénlégbé á sì máa họ awọ ara rẹ̀ jẹ. A máa ń sọ pé òbí ń fi ara rẹ̀ bọ́ ọmọ. Èyí kì í ṣe àfiwé rárá.

Ohun tó ń pa wọ́n, Batrachochytrium dendrobatidis, ìbátan olú ni, àmọ́ ojú lásán kò lè rí i. Nínú omi ló ti ń lúwẹ̀ẹ́ lọ bá ọ̀pọ̀lọ́. Awọ ni ọ̀pọ̀lọ́ fi ń mumi, awọ náà ló fi ń ṣọ́ iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bí awọ bá ti bàjẹ́, iyọ̀ á dínkù, ọkàn á dáwọ́ iṣẹ́ dúró.

Ìbátan olú yìí kò fẹ́ ooru. Láàárín ìwọ̀n 17 sí 25 Celsius ló ti ń gbádùn jù. Tó bá ti sún mọ́ 30, agbára rẹ̀ tán. Ìdí nìyí tí adágún orí òkè fi ń dákẹ́ nígbà tí ti pẹ̀tẹ́lẹ̀ ṣì ń pariwo, tí ikú sì ń pọ̀ lásìkò òtútù ju ìgbà ooru lọ. Ìwádìí 2018 tọpa rẹ̀ dé Ìlà-Oòrùn Éṣíà. Ti 2019 ka irú 501 tó ti jìyà rẹ̀ káàkiri ayé, tí wọ́n gbà pé 90 nínú wọn ti parẹ́.

Ilé wa ńkọ́, níbi tí òjò àkọ́rọ̀ kò ti ní í rọ̀ kí kọ̀ǹkọ̀ má dáhùn? Wọ́n ti rí àrùn náà ní Nàìjíríà, títí kan igbó Okomu ní Ẹdó. Ṣùgbọ́n ìwádìí tó jáde ní 2013 kò rí i rárá ní ìwọ̀-oòrùn ọ̀dàn gbígbẹ tó la Benin àti Tógò kọjá dé etí òkun. Ó ṣeé ṣe kí ilẹ̀ gbígbẹ yẹn ti di odi. Odi yẹn kò lè dá ọkọ̀ òfuurufú dúró, ọ̀pọ̀lọ́ sì jẹ́ ọjà. Ọ̀pọ̀lọ́ ńlá tó ń dún bíi màlúù ní adágún Georgia, ìpínlẹ̀ tí Atlanta wà, nígbà ooru wà lára àwọn tí wọ́n ń tà kiri ayé fún jíjẹ. Ó lè ru àrùn náà láìsàn.

Akọ kejì nínú irú Toughie, tó wà ní Zoo Atlanta, ṣàìsàn ní oṣù Kejì 2012, wọ́n fi oògùn sìn ín lọ kí wọ́n lè tọ́jú ẹran ara rẹ̀ pamọ́ ní tútù. Ó ku Toughie nìkan. Ó kú ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án 2016. Ohùn tí Mandica gbà sílẹ̀ lọ́jọ́sí ṣì wà.