Òfin Ìjọba àti Ìwé Kíkà Ọmọdé ní Ilẹ̀ Nàgó

Bí a bá bi ìyá kan ní Kétu tàbí ní Àjàṣẹ́ pé, « Ṣé ọmọ yín ti mọ ìwé kà? », ìwé Faransé ni ọkàn rẹ̀ sábà máa ń lọ sí. Ọmọ tí ó ń ka Yorùbá geere, tí kò ka Faransé, kò tíì mọ̀wé lójú rẹ̀. Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà a máa bá irú ìyá bẹ́ẹ̀ wí. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ibi tí èrò náà ti wá.

Ìjọba amúnisìn fi Faransé ṣe èdè ilé-ìwé rẹ̀. Òmìnira ọdún 1960 kò yí i padà. Ní ọdún 1975, àtúntò tí a pè ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Tuntun ṣèlérí pé àwọn èdè ilẹ̀ wa yóò wọ kíláàsì, àṣẹ ìjọba sì fi álífábẹ́ẹ̀tì wọn lélẹ̀ ní oṣù kẹwàá. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí a ti pín in. Ọmọ tí kò tíì tó ilé-ìwé lọ ni a fi èdè ìyá rẹ̀ kọ́ ní orin àti eré ní ibùdó ọmọdé. Àgbàlagbà tí kò rí ilé-ìwé lọ ni a fún ní ìwé Yorùbá. Láàárín àwọn méjèèjì, ní ọjọ́ orí tí ojú ọmọ ń là sí ìwé gan-an, Faransé ni. Òfin kankan kò sọ pé Yorùbá kì í ṣe èdè ìwé fún ọmọdé. Ìpín yìí ni ó sọ ọ́, ó sì yé àwọn òbí.

Álífábẹ́ẹ̀tì náà ní tirẹ̀ pẹ̀lú. Ohun tí ará Nàìjíríà ń kọ ní ẹ̀pà àti iṣu (bí èmi náà ti ń kọ ọ́ níhìn-ín, kí àwọn òǹkàwé ìhà méjèèjì lè bá mi lọ) di ɛ̀kpà àti ishu lọ́dọ̀ wa. Ó bá àwọn èdè yòókù ní Bẹ̀nẹ̀ mu, ó dára. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún méje tí ẹbí rẹ̀ mú ìwé àlọ́ wá fún láti òdì kejì ààlà yóò kọsẹ̀.

Ní òdì kejì náà, ní ọdún 1970, Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan láàárín ẹ̀kọ́ wọn. Wọn kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Òfin-ìpìlẹ̀ ọdún 1990 fún gbogbo àwùjọ tí ó para pọ̀ di orílẹ̀-èdè náà ní òmìnira láti lo èdè wọn. Ní ọdún ẹ̀kọ́ 2013–2014, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í dán èdè abínibí wò ní àwọn ilé-ìwé kan. Síbẹ̀, Faransé ni ìdánwò ìparí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni ojú òbí wà. Ìyá tí à ń bá wí kò ṣìnà. Ní kíláàsì àgbà, ó yẹ kí a fi àyè sílẹ̀ fún ọmọ tí ó bá tẹ̀lé e wá, kí a sì wá ìwé tí ó tọ́ sí ọjọ́ orí rẹ̀. Èyí tí ó wà nílẹ̀ sábà máa ń sọ ti àgbàdo, òwú àti ìmọ́tótó.