Ọmọ yín fẹ́ di ẹnjiníà afárá? Ẹ béèrè ọ̀rọ̀ yìí kí ẹ tó sanwó!

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹsẹ̀ gbé mi dé Géètì, ní Agodi, níbi tí wọ́n ti ń ta páàtì mọ́tò. Páàtì kọ́ ni mo wá rà o, ìròyìn ni mo wá wá. Alájà kan tó ń ta bíárìn àti ṣọ́ọ̀kù ló pè mí wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ní, "Akọ̀wé, jókòó síbí. Ìwọ tó o mọ ìwé, bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan."

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún rèé. Àbíkẹ́yìn rẹ̀ obìnrin ṣe wáẹ́ẹ̀kì, ó yege dáadáa. Ọmọ ní iṣẹ́ kan ṣoṣo lòun fẹ́ kọ́ ní yunifásítì, ìyẹn civil engineering, iṣẹ́ àwọn ẹnjiníà tí ń ṣe títì, afárá, dáàmù, gọ́tà àti ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ṣùgbọ́n nígbà tó ń ṣe JAMB, báyọ́lójì ló mú dípò kẹ́mísìrì. Wọn kò gbà á. Ni ọ̀gbẹ́ni kan bá yọjú, ó ní kí Alájà má mikàn, òun mọ ilé-ẹ̀kọ́ kan tí yóò gba ọmọ náà bẹ́ẹ̀, kí ó ṣáà tètè sanwó kí àyè má baà kún. Owó èsúsú ti wà nílẹ̀. Ó kù kí Alájà kà á lé e lọ́wọ́.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé COREN ti fọwọ́ sí civil engineering ibẹ̀?"

Alájà wò mí tìyanu-tìyanu. "Kí ló ń jẹ́ Kọ́rẹ̀n?"

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin bàbá oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ súnmọ́ bí. COREN ni ìgbìmọ̀ tí òfin gbé kalẹ̀ ní 1970 láti máa ṣe alábòójútó iṣẹ́ ẹnjiníà ní Nàìjíríà. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé wọn, òfin kò gbà á láyè kí ó pe ara rẹ̀ ní ẹnjiníà. Ẹ̀yin náà mọ bí ẹgbẹ́ télọ̀ ṣe ń ṣe: ta lọ̀gá tó kọ́ ọ, níbo lo ti gba fìrídọ̀ọ̀mù? Bákan náà ni. COREN máa ń lọ wo ohun tí yunifásítì fi ń kọ́ ọmọ. NUC, tó ń bójú tó gbogbo yunifásítì, ń lọ wò ó lọ́tọ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ òbí ti ń ṣì í nìyí: kì í ṣe odidi ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń fọwọ́ sí, ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ni. Orúkọ yunifásítì lè máa dún bí agogo nítorí ẹ̀kọ́ òfin, kí civil engineering rẹ̀ má tíì rí ìfọwọ́sí. Ìfọwọ́sí náà sì ń tán. Èyí tí NUC bá fún ní àṣekún, ọdún 5 ni. Èyí tó bá ku díẹ̀ káàtó, ọdún 2 péré, wọn á tún padà wá wò ó. Nítorí náà, ẹni tó bá ní "wọ́n ti fọwọ́ sí i tipẹ́," ẹ bi í pé, ti ọdún wo?

Mo ní ọ̀rẹ́ kan tí a jọ jáde girama. Ìṣirò tirẹ̀ dáa, tèmi kò dáa, ìdí tí mo fi ń kọ ìwé ìròyìn nìyẹn. Ó lọ ilé-ẹ̀kọ́ kan tí n kò ní dárúkọ. Ó lo ọdún 5 gbáko. Ìgbà tó jáde ló tó mọ̀ pé COREN kò mọ ohun tó kọ́. Lónìí, ó ń ṣọ́ lébìrà níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé, ẹlòmíràn ló ń fọwọ́ síwèé.

Alájà dákẹ́. Ó wá sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi wọ̀ ọ́ lára. Ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló wà ní ọjọ́ Àìkú, 31 August 1980, tí Ògùnpa kún àkúnya. Ilé wọn lọ, ẹ̀mí lọ. Omi ba Ọgbà Agodi jẹ́ pẹ̀lú, nítorí ibẹ̀ ni Ògùnpa gbà kọjá. Ní 26 August 2011, omi tún dé, ó wó afárá púpọ̀ n'Ìbàdàn. Ìtàn yìí ni ọmọ náà gbọ́ lẹ́nu ìyá àgbà tó fi ní òun fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń wọn omi kí wọ́n tó la gọ́tà. Ṣé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ la ó fi sí ibi tí kò ní làbù?

Àbí kí ló dé tí a ń wá ọ̀nà jíjìn? UI wà níbí láti 1948. Ti Ifẹ̀ àti ti Àkọkà l'Ékòó wà láti 1962, FUTA ní Àkúrẹ́ láti 1981, LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti 1990, tó sì ti di ti Ọ̀yọ́ nìkan láti 2020. Gbogbo wọn ló ń kọ́ civil engineering, ọdún 5 ni. Ṣùgbọ́n ẹ tún wo orúkọ wọn nínú ìwé COREN fúnra yín. Ní JAMB, Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, físíìsì àti kẹ́mísìrì ni. Báyọ́lójì kọ́ o!

Pólì Ìbàdàn, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1970, ń kọ́ ọ náà. Ẹ má fojú tín-ín-rín in. Àmọ́ ẹ mọ̀ pé ìwé tẹkinọ́lọ́jíìsì ni COREN ń fi ọmọ HND sí, kì í ṣe ti ẹnjiníà. Ẹni tó bá gba ND tó dáa lè gba ibẹ̀ bọ́ sí ọdún kejì ní yunifásítì.

Bí ẹ bá dé ilé-ẹ̀kọ́ náà, ẹ má wo géètì aláràbarà. Ẹ wá ọmọ ọdún kẹta kan, kí ẹ bi í pé ìgbà wo ló fojú rí kọnkéré tí wọ́n rì sómi fún ọjọ́ 28, tí wọ́n wá fi ẹ̀rọ tẹ̀ fọ́ láti mọ agbára rẹ̀. Bíríkìlà yóò mọ ohun tí mò ń sọ. Bí ọmọ náà bá ń rẹ́rìn-ín, ẹ gbé báàgì yín.

Ní ti owó, ìjọba ti dá NELFUND sílẹ̀ ní 2024, wọ́n ń yá ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba lówó láìsí èlé. Ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń san owó ẹ̀kọ́ fún tààrà. Bí Alájà ṣe gbọ́ pé kò sí èlé, ojú rẹ̀ là. "Èyí kì í ṣe haráàmù nìyẹn."

Lójú mi ló pe ọ̀gbẹ́ni náà lórí fóònù. Ó ní kí ó mú ìwé COREN ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ wá ní Mọ́ńdè. Ọ̀gbẹ́ni ní òun ń bọ̀.

Mo tún gba Géètì kọjá ní Tọ́sìdeè. Kò tíì dé. Ọmọ náà jókòó lẹ́yìn àpótí bíárìn, ìwé kẹ́mísìrì wà lórí itan rẹ̀.