Oyin Tí Kò Ní Afárá

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹ bá rí ẹnu ìda tó yọ bíi fèrè lára ògiri yín ní Ketu tàbí Ikosi, tí kòkòrò dúdú tí kò ju èèrà lọ ń wọ ibẹ̀, ẹ má tíì po sìmẹ́ǹtì o. Oyin ni, irú tí kì í ta èèyàn. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní Hypotrigona. Ọ̀rọ̀ wa, afárá, kò bá ilé rẹ̀ mu. Inú ìkòkò ìda wínníwínní ló ń tọ́jú oyin sí. Ọmọ wà lọ́tọ̀, wọ́n so jọ bí ìdì ẹyìn. Ẹni tó bá gé e bí afárá, ọmọ ló gé. Ìkòkò nìkan ni kí ẹ lu, kí ẹ sì ṣẹ́ díẹ̀ kù fún ìgbà òjò. Tí ẹ bá ń kó wọn sínú àpótí, ẹ wá ìyá wọn rí: ikùn rẹ̀ ti wú, kò lè fò mọ́.