Kí ẹ tó tẹ̀ka síwèé: ìsọdọmọ kì í ṣe fífi ọmọ sọ́dọ̀ àǹtí

Láti Kétu dé Ṣábẹ, títí dé Àjàṣẹ́, ta ni kò mọ ọmọ kan tó dàgbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn? Ìyá ń ná ọjà kiri, ó fi ọmọ sọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ ní Kútọnu kó lè rí ilé ìwé lọ. Bàbá kú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó àwọn ọmọ sọ́dọ̀. Bó bá di ìgbà ọdún, ọmọ á wálé wá kí àwọn èèyàn rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ kò yí padà, oríkì rẹ̀ kò yí padà. Àwọn àgbà ṣáà ti ní ojú kan ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó.

Ìsọdọmọ tí wọ́n ń ṣe fún àwọn ará òkè òkun kò jọ èyí rárá. Adoption ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń pè é. Ìwé ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ìwé ni wọ́n sì fi ń parí rẹ̀. Bí ìwé tó kẹ́yìn bá ti jáde, ó lè jẹ́ pé lójú òfin, ọmọ náà kì í ṣe ọmọ ẹni tó bí i mọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀ nìyí.

Ohun tí òfin sọ

Àdéhùn kan wà tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní ìlú Hague lọ́jọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1993. Tógò wà nínú rẹ̀ láti ọdún 2010, Bẹ̀nẹ̀ láti ọdún 2018. Àdéhùn náà ní kí wọ́n kọ́kọ́ wá ilé fún ọmọ nílẹ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó ronú òkè òkun.

Ó ní ẹni tó bá máa yọ̀ǹda ọmọ gbọ́dọ̀ ti gbọ́ àlàyé kíkún nípa ohun tí yóò tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Kò gbọ́dọ̀ jẹ́ tipátipá, inú ìwé ló sì gbọ́dọ̀ wà. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi owó tàbí ẹ̀bùn ra ẹnu òbí. Aboyún kò lè fọwọ́ sí i, àfi tó bá bímọ tán. Bí òbí bá sì ti yí ọkàn padà tó gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà, ìyọ̀ǹda náà kò dúró mọ́.

Ẹni tó ń wá ọmọ kò gbọ́dọ̀ gba ẹ̀yìn wá bá òbí dúnàádúrà kí ìjọba tó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, àfi bó bá jẹ́ ìbátan tàbí tí ìjọba bá fàyè gbà á.

Ìrìn àjò àwọn ìwé ìkẹyìn

Bí àwọn aláṣẹ ìlú méjèèjì bá ti fohùn ṣọ̀kan, ọ̀rọ̀ di ti ilé ẹjọ́. Lẹ́yìn ìdájọ́, wọ́n máa ń dúró kí àkókò tí èèyàn lè fi pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kọjá. Lẹ́yìn náà ni ìwé ẹ̀rí pé wọ́n tẹ̀ lé àdéhùn Hague, ìwé ọjọ́ ìbí, páásìpọ́ọ̀tù àti físà. Bí lẹ́tà kan nínú orúkọ ọmọ bá yàtọ̀ láàárín ìwé ìdájọ́ àti ìwé ọjọ́ ìbí, iṣẹ́ lè dúró, kí ọmọ àti àwọn tó wá mú un sì máa retí.

Iṣẹ́ ìwé kò tíì tán bí ọkọ̀ òfurufú bá gbéra. Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ tó lọ sí Faransé. Bó bá jẹ́ adoption plénière ni wọ́n ṣe, àwọn òbí tuntun á kó ìwé ìdájọ́ lọ sọ́dọ̀ agbẹjọ́rò ìjọba ní ilé ẹjọ́ ìlú Nantes. Wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé ìjọba Faransé, èyí tí wọ́n kọ yẹn á sì di ìwé ọjọ́ ìbí ọmọ náà níbẹ̀. Orúkọ ìyá tó bí i kò ní sí nínú rẹ̀. Ọmọ ti di ọmọ Faransé. Irú kejì ni adoption simple: nínú ìyẹn, okùn tó so ọmọ mọ́ ẹbí tó bí i kò já.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Chad

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2007, ẹgbẹ́ kan láti Faransé, L'Arche de Zoé, fẹ́ fi ọkọ̀ òfurufú kó ọmọ 103 kúrò ní Abéché, ní ilẹ̀ Chad. Wọ́n ní ọmọ òrukàn láti Darfur ni wọ́n. Nígbà tí wọ́n fọ̀rọ̀ wá àwọn ọmọ náà lẹ́nu wò, ó hàn pé ọ̀pọ̀ wọn ní òbí tàbí alágbàtọ́ láàyè. Àwọn òbí kan sọ pé ilé ìwé ni wọ́n ṣèlérí fún àwọn. Ilé ẹjọ́ N'Djamena dá ẹ̀wọ̀n ọdún 8 fún àwọn ará Faransé 6, kí Ààrẹ Déby tó dárí jì wọ́n lọ́dún 2008.

Àwọn òbí wọ̀nyẹn kò ta ọmọ. Wọ́n rò pé irú ohun tí a ń ṣe pẹ̀lú àǹtí ni.

Ẹ béèrè kí ẹ tó tẹ̀ka

A kò sọ pé ìsọdọmọ burú. Ọmọ wà tí kò ní ẹnìkan, tó sì rí ìyá àti bàbá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé ìwé wá, ẹ ní kí wọ́n kà á fún yín lédè yín. Ẹ bi wọ́n pé: Ṣé plénière ni àbí simple? Ṣé ọmọ á ṣì máa jẹ́ orúkọ wa? Ṣé a ó máa gbúròó rẹ̀? Títí di ìgbà wo ni mo lè yí ọkàn padà? Ẹni tó bá ń kánjú pé kí ẹ ṣáà tẹ̀ka, tàbí tó bá mú owó lọ́wọ́, ẹ má dá a lóhùn. Ẹ lọ sọ fún àwọn aláṣẹ.

Kí ẹ sì pa gbogbo ẹ̀dà ìwé mọ́. Àdéhùn Hague ní kí ìjọba tọ́jú àkọsílẹ̀ ibi tí ọmọ ti wá àti àwọn tó bí i. Lọ́jọ́ tí ọmọ náà bá dàgbà tó ń béèrè ilé bàbá rẹ̀, ibẹ̀ ni yóò ti wá a.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìka tí a tẹ̀ síwèé rí lórí ọ̀rọ̀ ọmọ. Kí a tó tẹ̀ ẹ́ ni ká béèrè.