Kẹ̀kẹ́ Márúwá Oníná Onílẹ̀kùn: Ṣé Ó Wúlò, Ṣé Òfin sì Fàyè Gbà Á?

 

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ jẹ mọ́ ọ̀nà kìlómítà 2 tí ó wà láti ìkóríta títí dé ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé wa. Ẹsẹ̀ ni àwa fi rìn ín nígbà tiwa. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ni àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń wọ̀ gun òkè náà. Ní àsìkò òjò èṣí, ọ̀kan nínú àwọn kẹ̀kẹ́ wọ̀nyí, tí ó kó ọmọ 7 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, yí dànù ní kọ́nà tí ó wà nísàlẹ̀ òkè. Apá ọ̀tún ọmọbìnrin ọlọ́dún mọ́kànlá kan sì kán. Nígbà tí mo lọ kí i ní ilé ìwòsàn, ohun tí ó bi mí ni pé ṣé wọn yóò gbà kí òun fi ọwọ́ òsì kọ ìdánwò.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Nítorí náà ni ẹgbẹ́ ọdún wa ṣe dábàá pé kí a ra kẹ̀kẹ́ oníná onílẹ̀kùn 2 fún ilé-ìwé, kí wọ́n máa kó àwọn ọmọ kékeré lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ní kí n ṣe ìwádìí. Ohun tí mo rí ni mo kọ síhìn-ín, kí olúkúlùkù lè mọ̀ ọ́n kí ó tó dá owó.

Irú kẹ̀kẹ́ wo ni?

Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kì í ṣe àjèjì sí wa. Orúkọ Buba Marwa, tí ó jẹ́ alákòóso ológun Ìpínlẹ̀ Èkó láti 1996 sí 1999, ni ó mọ́ ọn lórí. Lẹ́yìn tí ìjọba àpapọ̀ dá ètò NAPEP sílẹ̀ ní 2001, àwọn mìíràn ń pè é ní kẹ̀kẹ́ NAPEP. Èyí tí à ń sọ yìí yàtọ̀ ní ọ̀nà méjì. Èkíní, bátìrì àti mọ́tọ̀ oníná ni ó ń gbé e rìn dípò ẹ́ńjìnnì elépo. Èkejì, ó ní ilẹ̀kùn líle, gíláàsì àti wáípà, dípò rọ́bà tí a máa ń ta sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nígbà òjò.

Ìwúlò rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò yanjú rẹ̀. Bí kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan bá kó ọmọ 4 lẹ́ẹ̀kan, tí ó sì lọ tí ó bọ̀ nígbà 5 ní òwúrọ̀, kẹ̀kẹ́ méjèèjì yóò gbé ọmọ 40 dé ilé-ìwé. Kì í ṣe gbogbo ọmọ, ṣùgbọ́n ó tó fún àwọn tí ó kéré jù. Bí wọ́n bá tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sán, kìlómítà 40 ni kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò rìn lójúmọ́.

Bátìrì tí ó wọ́pọ̀ nínú irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ jẹ́ 5, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ fóòtì 12. Àpapọ̀ iná tí wọ́n lè gbà tó nǹkan bíi kílówáàtì-wákàtí 6. Pẹ̀lú òkè àti ẹrù, ìrìn kìlómítà 40 lè gba ìdajì rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Bí a bá fi èyí tí ó ń ṣòfò nígbà tí a bá ń cháàjì kún un, kílówáàtì-wákàtí 4 ni a ó máa san owó rẹ̀ lójúmọ́. Ní oṣù kẹrin 2024, wọ́n gbé owó iná àwọn tí ó wà ní ìsọ̀rí A sí náírà 225 fún ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Lórí iye yẹn, náírà 900 ni ti ọjọ́ kan. Ẹ rántí bí owó epo ṣe fò sókè láti ìparí oṣù karùn-ún 2023 tí a ti kéde pé owó ìrànwọ́ epo ti dópin.

Ní ti iná tí kì í dúró, oòrùn lè ràn wá lọ́wọ́. Pánẹ́ẹ̀lì 4 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáàtì 550 lè fún wa ní ohun tí kẹ̀kẹ́ méjèèjì nílò ní ọjọ́ tí oòrùn bá ràn dáadáa fún wákàtí 4. Àwọn kẹ̀kẹ́ náà yóò sì wà nílẹ̀ ní ọ̀sán gangan nígbà tí àwọn ọmọ bá wà nínú kíláàsì. Ní ìgbà òjò, a ó nílò iná ìjọba láti fi kún un.

Ibi tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ti ń ṣìnà ni pé wọ́n ń ka gbogbo owó epo tí wọn kò rà sí èrè. Bátìrì a máa gbó. Èyí tí a fi òjé àti ásíìdì ṣe lè má ju ọdún 2 tàbí 3 lọ bí a bá ń lò ó bẹ́ẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan a máa tó kílò 30, nítorí náà 5 tó kílò 150. Èyí tí a ń pè ní lithium fúyẹ́ jù ú lọ, ó sì ń pẹ́ ní ìlọ́po mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga. Bí a kò bá ya owó bátìrì tuntun sọ́tọ̀ láti oṣù kìíní, ní ọdún kẹta a ó bá ẹ̀bùn wa lábẹ́ igi máńgòrò, tí adìyẹ ń yé sínú rẹ̀. Olúwa wa ti sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́ tí kò kọ́kọ́ jókòó ṣírò owó rẹ̀.

Ilẹ̀kùn ńkọ́? Ó ń gba ọmọ lọ́wọ́ òjò àti eruku ọyẹ́, kò sì ní jẹ́ kí ọmọ já bọ́. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ a máa móoru, nítorí náà kí fèrèsé rẹ̀ jẹ́ èyí tí ó ń ṣí. Pàtàkì jù lọ, ilẹ̀kùn kò lè ní kí kẹ̀kẹ́ má yí. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni ó wà níwájú; bí awakọ̀ bá fi eré gba kọ́nà tí ó sì tẹ bíréèkì, gbogbo ìwúwo yóò sún sí igun tí kò sí ẹsẹ̀ tí yóò gbé e ró. Bátìrì tí ó wà nísàlẹ̀ ń ràn án lọ́wọ́ láti dúró, ṣùgbọ́n kò tó. Ìkójù àti eré ni ó kán apá ọmọ yẹn, kì í ṣe epo. Bí a bá ra oníná tí a sì kó ọmọ 7 sínú rẹ̀, a kò tíì ṣe nǹkan kan.

Ohun tí òfin wí

Ọ̀kan nínú wa tí ń gbé ní Ìlú Ọba fi àwòrán kẹ̀kẹ́ onílẹ̀kùn kan ránṣẹ́, ó ní wọn kì í béèrè ìwé àṣẹ ìwakọ̀ fún un níbẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ní ìdí. Ní Bìrìtìkó, kẹ̀kẹ́ tí ó ní pẹ́dà, tí agbára mọ́tọ̀ rẹ̀ kò ju wáàtì 250 lọ, tí mọ́tọ̀ náà sì ń dáwọ́ dúró ní nǹkan bíi kìlómítà 25 ní wákàtí kan, ni wọ́n kà sí bàsíkùlù. Ẹni tí ó bá ti pé ọdún 14 lè gùn ún. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó di ọkọ̀ tí a gbọ́dọ̀ gba ìwé fún. Wáàtì 250 kò sì lè gbé ọmọ 4 àti awakọ̀ gun òkè wa. Kí mọ́tọ̀ wa má dín ní 2,000.

Ní ilẹ̀ wa, pé kẹ̀kẹ́ kò lo epo kò yọ ọ́ kúrò lábẹ́ òfin. A gbọ́dọ̀ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí ó ní nọ́ńbà, ìwé ọkọ̀ àti ìwé adójútòfò. Kí awakọ̀ tó ọdún 18, kí ó sì ní ìwé àṣẹ. Nọ́ńbà tí a kọ ní àwọ̀ búlúù ni ti aládàáni, pupa ni ti èyí tí ń gbowó èrò. Bí a bá sọ pé ọ̀fẹ́ ni, kí a má ṣe jẹ́ kí awakọ̀ máa gbé èrò ní ìrọ̀lẹ́. Kí a tó sanwó, kí a rí ìwé aṣọ́bodè àti nọ́ńbà ṣáṣí rẹ̀, nítorí láìsí wọn ìforúkọsílẹ̀ yóò di wàhálà.

Ìjọba ìpínlẹ̀ náà ní ọ̀rọ̀ sọ. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì 2020, Ìpínlẹ̀ Èkó lo òfin ìrìnnà rẹ̀ ti 2018 láti lé ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Márúwá kúrò ní àwọn títì ńlá, orí afárá àti àwọn ìjọba ìbílẹ̀ kan. Ẹni tí ó ti ra kẹ̀kẹ́ tán ni ó jẹ gbèsè rẹ̀. Nítorí náà, kí a béèrè ní ọ́fíìsì àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó àti ti ìjọba ìbílẹ̀ kí a tó rà, kí kẹ̀kẹ́ wa má sì kọjá ìkóríta bọ́ sí títì márosẹ̀.

Ìmọ̀ràn mi

Mo gbà pé kí a rà wọ́n. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí yóò tà á fún wa kọ́kọ́ gbé ọ̀kan wá, kí a di ẹrù tí ó tó ìwúwo ọmọ 4 sínú rẹ̀, kí ó gun òkè wa lẹ́yìn òjò ńlá. Kí ó ní ẹ̀yà ara ọkọ̀ nílẹ̀. Kí a kọ ọmọ 4 sára ilẹ̀kùn rẹ̀ gàdàgbà, kí ọ̀gá ilé-ìwé ní àṣẹ láti lé awakọ̀ tí ó bá gbé ìkarùn-ún. Kí a má ṣe cháàjì bátìrì nínú yàrá tí ènìyàn ń sùn. Kí àpò owó bátìrì sì wà lábẹ́ àbójútó ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, kí a máa ka ìṣirò rẹ̀ ní gbogbo ìpàdé.

Apá ọmọbìnrin náà ti san, ó sì ti padà sí kíláàsì. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ sọ fún mi pé títí di òní, ẹsẹ̀ ni ó ń fi gun òkè náà. Kí Olúwa ran gbogbo wa lọ́wọ́ láti ṣe ohun tí ó tọ́ nípa àwọn ọmọ tí ó fi sí ìkáwọ́ wa.